Níbo gan-an ló yẹ ká ti gé ẹ̀rọ yìí sí mọ́dùùlù?

#1 · Alápótí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àpótí ìdarí kan la fẹ́ ṣe. Bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn kan wà nínú rẹ̀ tó ní àyè káàdì 8, iná 24 V ló ń wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa ka ooru àti ìfúnpá, kó darí mọ́tọ̀ kékeré méjì, kó tọ́jú ohun tó kà, kó sì máa fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà.

Bí a ṣe pín in rèé: káàdì kìíní ń kà, ìkejì ń yí ohun tí wọ́n kà sí ìwọ̀n tó nítumọ̀, ìkẹta ń tọ́jú, ìkẹrin ń fi ránṣẹ́, ìkarùn-ún ń darí mọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la pín kóòdù. Lórí bébà, ó dùn ún wò. Àfi ìgbà tí a ní ká pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ooru kan ṣoṣo, ká kúrò lórí oní-bit 16 bọ́ sórí oní-bit 24 (bit ni àyè 0 tàbí 1 tí ẹ̀rọ fi ń kọ nọ́ńbà), ló bá di pé káàdì mẹ́rin la máa tún ṣe. Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní mọ́dùùlù, ẹ̀yà tí èèyàn lè pààrọ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù, náà nìyí? Níbo ló yẹ ká ti gé e?

#2 · Afikóòdùṣeré

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ lẹ tẹ̀lé tí ẹ fi gé e: kà, yí padà, tọ́jú, fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ya iṣẹ́ sára pátákó. David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ lọ́dún 1972. Ó mú ètò kékeré kan tó ń to àwọn ìlà ọ̀rọ̀ ní a-b-d, ó sì pín in lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní tẹ̀lé ìgbésẹ̀, bíi tiyín. Ní ọ̀nà kejì, gbogbo ìpinnu tó ṣeé ṣe kó yí padà lọ́la, ó wá mọ́dùùlù kan fún un, ó fi pa mọ́ síbẹ̀. Nígbà tó wá dán an wò pé bí wọ́n bá yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ìlà sínú ìrántí kọ̀ǹpútà padà ńkọ́, gbogbo mọ́dùùlù ọ̀nà kìíní ló fọwọ́ kàn. Ní ọ̀nà kejì, ẹyọ kan péré ni.

Ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo ohun tó lè yí láàárín ọdún márùn-ún sí ọwọ́ òsì: irú sẹ́ńsọ̀, iye bit, irú mọ́tọ̀, ibi tí a ń tọ́jú nǹkan sí, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ gbogbo káàdì tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí ju orúkọ kan lọ, ibẹ̀ lẹ ti gé e láìdáa.

«Bit 16» yìí, káàdì mẹ́rin ló mọ̀ ọ́n. Ẹ da kíkà àti yíyípadà pọ̀ sójú kan. Kí káàdì sẹ́ńsọ̀ má fi bit ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́, ìdá-ọgọ́rùn-ún dígírì Celsius ni kó máa fi ránṣẹ́, nínú nọ́ńbà odidi oní-bit 32 tó lè gba òdì. -4025 á wá túmọ̀ sí -40.25 °C. Kó fi àkókò tó kà á kún un. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ lo bit 24, ẹ lo bit 12, kò kan ẹnì kankan lẹ́yìn káàdì yẹn.

#3 · Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Afikóòdùṣeré ti sọ ti kóòdù, ẹ jẹ́ ká sọ ti irin, torí oríkèé la ń sọ. Ibi tí nǹkan méjì ti pàdé ló máa ń dun ni, àárín egungun kì í sábà dun ni.

Àyè káàdì 8, ká ní 20 mm ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, tí ẹni tó ń lu ihò sì lè ṣìnà 0.1 mm síwá tàbí sẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ ìwọ̀n àyè kọ̀ọ̀kan láti ara ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìparí, àṣìṣe lè ti di 0.8 mm, káàdì ìkẹjọ kò sì ní wọlé láìjẹ́ pé ẹ fi òòlù gbá a. Ẹ wọn gbogbo wọn láti etí kan ṣoṣo: 20, 40, 60, títí dé 160. Kò sí èyí tó máa ṣìnà ju 0.1 lọ.

Síkúrú kì í ṣe ohun tí a fi ń mọ ibi tí nǹkan jókòó sí o! Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dì í mú. Píìnì méjì ló ń fi ibi hàn: ìkan nínú ihò róbótó tó bá a mu gẹ́lẹ́, ìkejì nínú ihò tó gùn bí ẹyin, tó fẹ̀ lápá kan, tó fún lápá kejì. Bí ẹ bá fi méjèèjì sínú ihò róbótó, wọn á máa bára wọn jà. Ẹ wo àpẹẹrẹ: pẹpẹ alumíníọ̀mù tó gùn ní 400 mm nínú àpótí irin. Bí ooru bá fi 40 °C lé, alumíníọ̀mù á fi nǹkan bí 0.18 mm gùn ju irin lọ. Àyè tí 0.18 yẹn máa sá sí ni ihò gígùn yẹn. Bí kò bá sí àyè, bọ́ọ̀dù á tẹ̀, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ojú ìjó òjé á bẹ̀rẹ̀ sí í là.

#4 · Wáyà_Pupa

Ó ku ti iná. Mẹ́ta péré ni mo fẹ́ mẹ́nu bà, mo ti rí wọn nínú ọ̀pọ̀ àwòrán.

CAN, okùn oní-wáyà méjì (CAN_H àti CAN_L) tí káàdì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: tí ẹ bá fi í so káàdì pọ̀, rẹ̀sísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dènà iná) 120 ohm gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun okùn méjèèjì, méjì péré, kò gbọ́dọ̀ sí níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣe káàdì rẹ̀ lóun nìkan lórí tábìlì máa ń fi 120 síbẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́. Bí gbogbo káàdì 8 bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohm 15 lẹ máa bá lórí okùn. Ẹ pa iná, ẹ fi míítà sí àárín CAN_H àti CAN_L: 60 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. 120 túmọ̀ sí pé ẹyọ kan ti sọnù, 40 túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti fi ìkẹta kún un.

USB-C: bí àpótí náà bá ń gba iná láti ibẹ̀, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 5.1 kΩ láti píìnì CC1 sí ilẹ̀ (ọ̀nà tí iná ń gbà padà), kẹ́ ẹ sì fi 5.1 kΩ mìíràn láti CC2 sí ilẹ̀. Kálukú ní tirẹ̀. Èyí tí wọn ò fi rẹ̀sísítọ̀ sí rárá ló ń tan èèyàn jẹ jù: wáyà tó ti ojú USB-A wá á gbé e, nítorí USB-A kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó fi 5 V síta. Wáyà C-sí-C á kọ̀ jálẹ̀, torí orísun iná kò rí ẹni tó wà lódìkejì. Wọ́n á wá máa bú wáyà.

Ìkẹta ni kíki káàdì bọ inú ẹ̀rọ tí iná wà lára rẹ̀. Kapásítọ̀ 470 µF (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) tó ṣófo dà bí wáyà lásán lójú iná ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá kì í bọ̀. 24 V á rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo káàdì tó kù á tún ara wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí píìnì ilẹ̀ gùn jù, ti iná tẹ̀lé e, ti ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ìyẹn, kí píìnì kan tó kúrú jù lọ wá jẹ́ èyí tó máa sọ pé «mo ti wọlé tán». Òun ló máa ṣí ẹnu ọ̀nà iná díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi 20 mìlísẹ́kọ́ńdì kún kapásítọ̀ yẹn, bíi 0.56 A ló máa gbà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé àlejò wọlé.

#5 · Alápótí

Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, ara ẹ̀gbẹ́ la ti ń wọn ọ́n lóòótọ́, a ti yí i padà. Wáyà_Pupa, bí káàdì kò bá gbọ́dọ̀ ní 120, níbo ló máa wá wà? A ò mọ káàdì tí oníbàárà máa fi síbi ìkẹyìn.

#6 · Wáyà_Pupa

Lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti tòsì. Ohun tó bá jẹ́ ti okùn, ara okùn ni kó wà.

#7 · Odidi_Ni

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará, èmi á ta kò yín díẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, píìnì, ihò gígùn, 120 ohm, píìnì kúkúrú, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń ka ooru. Owó orí oríkèé ni. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù kan, ìdajì ìṣòro yìí kò ní sí.

Google gbìyànjú fóònù oní-mọ́dùùlù, Project Ara, wọ́n sì pa á tì lọ́dún 2016. Fóònù tí wọ́n ṣe lódidi, wáyà tín-ín-rín orí bọ́ọ̀dù ló so ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá gé e, kálukú gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀, ohun tó ń dì í mú àti kọ̀nẹ́kítọ̀. Ìwúwo àti àyè ni gbogbo ìyẹn ń jẹ.

Nínú sọ́fítíwíà náà ńkọ́? Wọ́n á gé ètò kan sí iṣẹ́ kéékèèké 8, wọ́n á fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń wà nílẹ̀ ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìbéèrè kan sì gbọ́dọ̀ gba ara gbogbo wọn kọjá, 0.999 mẹ́jọ tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.992. Ẹyọ kan tó ń sọnù ní bíi wákàtí 9 lọ́dún ti di àwùjọ tó ń sọnù ní bíi wákàtí 70. Pípe iṣẹ́ nínú ètò kan náà kì í gbà ju nanosẹ́kọ́ńdì mélòó kan lọ, gbígba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gba ìdajì mìlísẹ́kọ́ńdì, kódà nínú ilé kan náà.

Ẹ má gé ohun tí ẹ kò tíì mọ ìṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ ṣe odidi kan, ẹ lò ó, ibi tó bá ń yí lemọ́lemọ́ lẹ máa wá gé.

#8 · Afikóòdùṣeré

Mo gbà fún ọ títí dé ìdajì, Odidi_Ni. Ìdajì tí mi ò gbà: o ń pe mọ́dùùlù àti ilé ọ̀tọ̀ ní nǹkan kan náà. Mọ́dùùlù lè wà nínú ètò kan ṣoṣo, lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ohun tó sọ ọ́ di mọ́dùùlù ni pé ẹnì kan kì í wo inú ẹlòmíràn. Bí Alápótí bá da títọ́jú àti fífi ránṣẹ́ sórí káàdì kan, tó fi kóòdù wọn sí fódà méjì tí ọ̀kan kò lè fọwọ́ kan nǹkan inú èkejì, oríkèé wà níbẹ̀ láìná kọ̀nẹ́kítọ̀ kankan.

Nítorí náà ìbéèrè méjì ló wà. Níbo la ti gé e nínú èrò? Nínú ibi tí a gé yìí, èwo ló tọ́ kó ní kọ̀nẹ́kítọ̀ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Fún ìkejì, ìdí mẹ́ta péré ni mo mọ̀: ó ń tètè bàjẹ́ ju ìyókù lọ, oníbàárà ń yàn án, tàbí àwọn tó ń ṣe é yàtọ̀ tí wọn kò sì jókòó sójú kan. Ìgbẹ̀yìn yìí, Melvin Conway ti rí i lọ́dún 1968: bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ṣe máa rí, wọ́n fẹ́ wọn kọ̀.

#9 · Ayẹ̀wéwò

Ẹ ti ń sọ ibi tí a ti ń gé. Ẹnì kan ò tíì sọ ohun tí a máa kọ sínú àdéhùn oríkèé, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ńláńlá ti ṣubú.

Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Mars, 1999. Sọ́fítíwíà ẹgbẹ́ kan ń kọ agbára ìtì sílẹ̀ ní paun-ìṣẹ́jú-àáyá, ti ẹgbẹ́ kejì ń kà á bíi newton-ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlọ́po 4.45 ni ìyàtọ̀ wọn. Fáìlì wọlé, nọ́ńbà wọlé, kò sí ohun tó pariwo. Ọkọ̀ náà sún mọ́ Mars jù, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ariane 5, ọjọ́ 4 oṣù June 1996. Wọ́n gbé mọ́dùùlù atọ́nà láti ara Ariane 4 bó ṣe wà, torí ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà oní-bit 64 sínú àyè oní-bit 16. Lórí Ariane 4, nọ́ńbà yẹn kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ariane 5 ń yára sá lọ lápá kan ju ti àkọ́kọ́ lọ, nọ́ńbà kún àyè, ó sì ṣàn kọjá. Mọ́dùùlù ìrọ́pò wà, ṣùgbọ́n kóòdù kan náà ló wà nínú rẹ̀, òun gan-an ló kọ́kọ́ kú, lọ́nà kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, rọ́kẹ́ẹ̀tì ti fọ́. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀: iṣẹ́ tí apá kóòdù yẹn ń ṣe kò wúlò mọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra.

Apollo 13, ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá, 1970: agolo tó ń fa èémí burúkú kúrò nínú afẹ́fẹ́, onígun mẹ́rin ni ti ilé kan, róbótó ni ti ilé kejì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rá, páálí àti téèpù ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ lójú ọ̀run.

Fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ èyí sílẹ̀: kí ló ń kọjá, ìwọ̀n wo la fi kà á, ó kéré jù mélòó, ó tóbi jù mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ni ẹni tó ń gbà á máa ṣe bí kò bá dé. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń fò. -4025 ẹ ti nítumọ̀; kí ni nọ́ńbà tí káàdì máa fi ránṣẹ́ bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já? Tó bá jẹ́ 0, ẹ ti parọ́: 0 °C ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí. Ẹ fi àmì «mi ò rí nǹkan kà» sí àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

#10 · Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé nọ́ńbà ẹ̀dà bíi 2.4.1 kò tó láti sọ pé káàdì yìí bá àpótí yìí mu?

#11 · Afikóòdùṣeré

Ó tó fún kóòdù bí gbogbo èèyàn bá pa òfin rẹ̀ mọ́. Àbúrò, wò ó: nọ́ńbà ìkẹyìn ń yí bí a bá tún àṣìṣe ṣe, ti àárín ń yí bí a bá fi nǹkan kún un láìba ti àtijọ́ jẹ́, ti iwájú ń yí bí ẹni tó ń lò ó bá ní láti yí kóòdù tirẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń lo 2.4.1 lè gba 2.9.0 láìfòyà, kó ṣọ́ra fún 3.0.0. Àmọ́ ohun tí èèyàn lè rí ni wọ́n máa gbára lé, bó ò tilẹ̀ ṣe ìlérí rẹ̀. Bí ètò rẹ bá ń to orúkọ ní a-b-d láìmọ̀ọ́mọ̀, lọ́jọ́ tó o bá tò ó lọ́nà mìíràn, ẹnì kan á ké.

#12 · Wáyà_Pupa

Káàdì kò lè ka 2.4.1 bí kò bá sí ibi tí a kọ ọ́ sí. Ẹ fi 24C02 kan sórí káàdì kọ̀ọ̀kan, ìrántí kékeré oní-byte 256 tó ń sọ̀rọ̀ lórí I2C, okùn méjì tí gbogbo káàdì jọ ń lò: SDA fún ọ̀rọ̀, SCL fún ìlù àkókò. Ẹ kọ irú káàdì, ẹ̀dà rẹ̀ àti iye iná tó máa jẹ sínú rẹ̀. Píìnì àdírẹ́sì mẹ́ta ló ní, A0, A1, A2, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ń lọ láti 0x50 dé 0x57. Àdírẹ́sì 8 nìyẹn, àyè 8 lẹ ní. Ẹ má so píìnì wọ̀nyí lórí káàdì. Bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ni kó so wọ́n, àyè kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀. Káàdì kan náà tí ẹ bá gbé láti àyè 2 lọ sí àyè 5, àdírẹ́sì rẹ̀ á yí fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó rà á o, torí èyí tó kéré jù nínú wọn kì í ní píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iná díẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé ìrántí yìí nìkan. Lẹ́yìn tí àpótí bá ti kà á tó sì gbà á, ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí 24 V fún káàdì.

Ohun kan tún wà pẹ̀lú I2C: bí káàdì kan bá kú nígbà tó di okùn SDA mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ti yadi. Ẹ lu SCL títí dé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ó sábà máa ń tú u sílẹ̀. Tí kò bá tú, àfi kẹ́ ẹ gé iná káàdì náà. Nítorí náà, ẹ rí i pé ẹ lè gé e.

#13 · Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Kí n tó gbàgbé, fún Odidi_Ni tó ní owó orí ni oríkèé. Ẹ wo àpótí ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún 1956 ni ọkọ̀ ojú omi Ideal-X gbé 58 nínú wọn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní gígùn tirẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n àti orí igun irin ló tó di pé ẹ̀rọ ìgbéǹkan kan lè gbé ti ẹnikẹ́ni. Igun mẹ́jọ yẹn ló ru ìwúwo, òun náà ni wọ́n ń dì mú. Ohun tó wà láàárín kò kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí kan ṣoṣo lẹ máa gbé láyé yín, òótọ́ ni Odidi_Ni sọ.

#14 · Odidi_Ni

Mo gbà. Àpótí mélòó wá ni Alápótí máa ṣe?

#15 · Alápótí

Bíi 200, ní irú mẹ́ta. Bí a ṣe tún un gé nìyí: káàdì sẹ́ńsọ̀ (kíkà àti yíyípadà lójú kan), káàdì mọ́tọ̀, káàdì ọ̀gá tó ń tọ́jú tó sì ń fi ránṣẹ́, kóòdù méjì lórí káàdì kan bí Afikóòdùṣeré ṣe wí. Káàdì márùn-ún ti di mẹ́ta. A kọ àdéhùn oríkèé sí ojú ìwé méjì, a sì pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ sí bit 24 láìfọwọ́ kan káàdì ọ̀gá.

Ohun kan ṣì kù tó ń pa wá lórí dà. Bí mọ́tọ̀ bá ti ń yí, ooru tí a kà á já wálẹ̀ ní nǹkan bí 6 °C. Bí ó bá dúró, ó padà. A ti wo kóòdù káàdì méjèèjì, wọn ò mọ ara wọn rárá.

#16 · Wáyà_Pupa

Kóòdù wọn ò mọra, ilẹ̀ wọn mọra. Mélòó ni mọ́tọ̀ ń jẹ? Ṣé sẹ́ńsọ̀ oní-10 mV fún dígírì kan ni? Níbo sì ni wáyà ilẹ̀ sẹ́ńsọ̀ parí sí?

#17 · Alápótí

3 A. Bẹ́ẹ̀ ni, 10 mV. Ilẹ̀ sẹ́ńsọ̀ dé ẹnu ibi tí 24 V ti wọlé.

#18 · Wáyà_Pupa

Nígbà náà, bí ọ̀nà ilẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn bá ní 20 mΩ péré, 3 A tó ń padà bọ̀ láti mọ́tọ̀ á fi 60 mV sórí rẹ̀. 60 mV ní 10 mV fún dígírì kan, 6 °C gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí mọ́tọ̀ máa yí, ẹ fi míítà sí ìpele millivolt, ọ̀pá kan sí ilẹ̀ káàdì sẹ́ńsọ̀, ọ̀pá kejì sí ẹnu ibi tí iná ti wọlé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

#19 · Alápótí

58.

#20 · Wáyà_Pupa

Ẹ yọ iná mọ́tọ̀ kúrò lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ fún un ní wáyà méjì tirẹ̀, 24 V àti ilẹ̀, láti ẹnu ibi tí iná ti wọlé tààrà dé káàdì mọ́tọ̀, kí ilẹ̀ méjèèjì pàdé níbẹ̀ nìkan ṣoṣo. Ẹ sì rí i pé ilẹ̀ alágbára mọ́tọ̀ kò kan ilẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí káàdì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 3 A á tún rí ọ̀nà gba ibẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, Ayẹ̀wéwò, ẹ bá wọn fi ìlà kan kún àdéhùn: iye iná tí káàdì kan lè dá padà sórí ilẹ̀ bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn. Mo dábàá 0.5 A.

#21 · Alápótí

A ti yọ ọ́. 2 mV ni míítà ń sọ báyìí, ooru ò já wálẹ̀ mọ́. 0.5 A ti wọ ojú ìwé kejì.